Ibi Tí Lámilámi Ti Ń Dákẹ́

Ọjọ́ Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́

Mo mú lámilámi méjì lẹ́bàá adágún láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan ti bọ́ kí n tó dé ìdí ọkọ̀, torí ọkùnrin kan tó ń sáré kiri pẹ̀lú ajá rẹ̀ dúró bi mí bóyá labalábá ni mò ń kó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lè máa bá tirẹ̀ lọ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ajá ti ti imú bọ inú kúlà tí mo kó wọn sí.

Èkejì dé yàrá ìwádìí. Mo fi ìda oyin lẹ orí rẹ̀ mọ́ igi, mo dá ihò bíńtín sí ẹ̀yìn orí náà, mo sì ń ti abẹ́rẹ́ gíláàsì wọlé díẹ̀díẹ̀. Títí ebi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú, mi ò gbọ́ nǹkankan nínú sípíkà tí a so mọ́ abẹ́rẹ́ náà àfi ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń dín ẹran. Sẹ́ẹ̀lì tí mò ń wá, ẹyọ kan péré ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan ọpọlọ. Bí abẹ́rẹ́ bá fi ìwọ̀n irun orí yẹ̀ ẹ́, ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn.

Ooru lé ní ogójì. Quyên, tí a jọ ń lo yàrá, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ lórí oyin, ní kí n yéé ṣépè fún abẹ́rẹ́ ní èdè Jámánì, pé abẹ́rẹ́ ò gbọ́. Mi ò gbọ́ Jámánì èmi náà. Èpè yẹn nìkan ni mo jogún lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi.

Owó ìrànwọ́ mi máa parí nínú Oṣù Kẹfà. Lámilámi máa lọ nínú Oṣù Kẹta, bí ìgbà ooru wa níbí bá ti parí tí òtútù ń yọjú. Bí mi ò bá rí nǹkan gidi kọ sínú ìwé oyè mi kí wọ́n tó lọ, mi ò mọ ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta ṣe láyé mi.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ṣẹ́rẹ́

Mo rí i! Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, sípíkà ṣàdédé yí ohùn padà: pa-pa-pa-pa, bí àgbàdo tó ń bú nínú ìkòkò. Mo mú kí àmì dúdú kékeré kan rìn lójú kọ̀ǹpútà tó dojú kọ kòkòrò náà, láti àárín lọ sápá ọ̀tún. Sẹ́ẹ̀lì ké. Mo mú un rìn lọ sápá òsì. Ó dákẹ́ lọ gbári, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Mo sọ àmì náà di ńlá. Kò dá mi lóhùn. Mo sọ ọ́ di kékeré padà, ó ké. Òun ni. Nǹkan kékeré tó ń rìn lápá ọ̀tún ló kàn án, kò rí ti ohunkóhun mìíràn rò.

Mo kígbe pe Mal, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fẹ̀yìn tì ní ìparí Oṣù Kẹta ló sáré gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bí ọmọ iléèwé, okùn bàtà rẹ̀ tú sílẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì kọ̀ǹpútà, níbi tó ti lè wo kòkòrò náà lójú. Kì í wo kọ̀ǹpútà rárá. Ó ní ẹni tó bá ń wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ló máa mọ̀.

Ìgbà náà ni nǹkan àjèjì ṣẹlẹ̀. Àmì ń lọ sápá ọ̀tún, sẹ́ẹ̀lì ń ké, àfi bó ṣe dákẹ́ láàárín ọ̀nà. Àmì ò dúró. Kó tó dé etí kọ̀ǹpútà, sẹ́ẹ̀lì tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. A tún un ṣe. Ó tún dákẹ́.

“Ihò kan wà níbẹ̀,” Mal wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Leonie, ihò kan wà nínú ohun tó ń rí.”

“Àbí ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?”

“Èyí tó ti rẹ̀ kì í jí padà wéré báyẹn. Tún un ṣe, ọmọ dáadáa. Tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe títí kòkòrò náà fi kú mọ́ wa lọ́wọ́. Inú mi dùn, mi ò sì mọ ohun tí inú mi ń dùn sí gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́

Òmíràn, ihò sì tún wà nínú rẹ̀. Mal ti sọ fún àwọn tó ń ṣètò àpérò ní Canberra pé òun ń yí ọ̀rọ̀ ìdágbére òun ní àpérò oṣù Ẹrẹ́nà padà: ihò yìí ló máa jẹ́.

“Mo ti mọ ohun tó jẹ́,” ó wí fún mi, ó ti ya àwòrán kún gbogbo ẹ̀yìn àpò ìwé kan. “Níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tìrẹ ti ń gbé ohun tó ń lé fún sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́. Ó ti fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.”

“Sẹ́ẹ̀lì wo nìyẹn?”

“Wàá bá mi wá a.”

Bó bá jẹ́ òtítọ́, ìwé oyè mi ti jáde nìyẹn, òun náà á sì rí nǹkan fi ṣe ìkádìí iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó báyìí rí láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Mọ́mì pè láti Tanunda. Èso àjàrà ń tètè pọ́n lọ́dún yìí, ó fẹ́ mọ ìgbà tí mo máa wá bá wọn kórè.

“Ṣé o ṣì ń fi abẹ́rẹ́ gún kòkòrò lórí?”

“Mo ṣì ń gún un, Mọ́mì.”

“Kí ló wá sọ fún ẹ?”

Mo ní kó jókòó. Mo ní ojú lámilámi pín sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sì í rí ju díẹ̀ lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpele àkọ́kọ́ kàn ń sọ pé ibí ṣókùnkùn, ibí mọ́lẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé wọn á bèèrè pé: ṣé òkùnkùn ló kọ́kọ́ dé, tí ìmọ́lẹ̀ wá gbà á lẹ́yìn kíá níbì kan náà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan kékeré ló kọjá, kì í ṣe igi, kì í ṣe ìkùukùu. Ẹjọ́ gbogbo wọn ló ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tèmi.

“Bí ìgbìmọ̀ ìjọ wa,” Mọ́mì wí.

“Bí ìgbìmọ̀ ìjọ yín, àfi pé àwọn wọ̀nyí máa ń parí ìpàdé.”

“Má bú ìjọ. Kí wá ni wàhálà ibẹ̀?”

“Ó ń dákẹ́ níbi tí kò yẹ kó ti dákẹ́.”

“Bàbá rẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì fi abẹ́rẹ́ gún un.”

Ọjọ́rú, 22 Ṣẹ́rẹ́

Mal wà ní Mount Gambier, ó lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun. Mo rí sẹ́ẹ̀lì náà lówùúrọ̀, kò tilẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Ó ké láti àárín dé etí, kò sinmi níbì kankan. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, títí ọwọ́ fi ro mí. Kò sí ihò.

Mo ti wo gbogbo nǹkan. Ìda ò kan ojú rẹ̀. Àmì náà ò tóbi jù, kò kéré jù. Kí ló dé tí ti ọjọ́ kẹsàn-án àti ti ọjọ́ kẹrìnlá fi dákẹ́, tí tòní kò dákẹ́? Akọ ni gbogbo wọn. Ibì kan náà ni mo ti mú wọn.

Mi ò tíì sọ fún Mal. Ó fi àwòrán ọmọ náà ránṣẹ́, ọmọ pupa bíi tòmátì. Mo fèsì pé ó rẹwà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ṣẹ́rẹ́

Mal dé, ihò dé. Ṣùgbọ́n ihò náà ti ṣípò, ó ti sún mọ́ etí kọ̀ǹpútà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ó ti ṣí kúrò níbi tó wà,” mo wí.

“Ohun tó wà láàyè máa ń ṣípò.”

“Ẹsẹ̀ wo ló fi ṣí, Mal?”

“Ìbéèrè gidi nìyẹn!” Ó fọwọ́ lu itan. “Kọ ọ́ sílẹ̀!”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá sọ ti ọjọ́rú tó kọjá fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní àfàìmọ̀ ni kòkòrò tọjọ́ yẹn ò ti dàgbà jù. Bó ṣe ń ṣe nìyí: kò sí ohun tí kì í rí àyè fún nínú àlàyé rẹ̀. Inú bí mi, mo sì fẹ́ kó jàre. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Ìkùukùu bolẹ̀. Lámilámi kankan ò fò. Páì ẹran ti di dọ́là mẹ́jọ, mo fìbínú jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Mo rò pé mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Mal kì í fara da ooru. Bó bá ti wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù ló máa ń kọ́kọ́ yí, títí a ó fi máa gbọ̀n. Nígbà tó wà ní Mount Gambier, mo pa á ni. Òtútù ló ń fa ihò! Ara kòkòrò tutù, sẹ́ẹ̀lì ń sinmi díẹ̀, ó tún ń tẹ̀síwájú. Kí ló tún kù?

Ìta gbóná bí ààrò lónìí. Mo wọ súwẹ́tà nínú yàrá ìwádìí, mo sì jẹ́ kó tutù ju bí Mal ti máa ń ṣe lọ. Mal wà ní ìpàdé. Sẹ́ẹ̀lì náà ké láti àárín dé etí bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Kò sí ihò.

Mo bọ́ súwẹ́tà jù sílẹ̀, mo jókòó lé e.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Quyên ń fi ṣíbí kékeré pín omi ṣúgà fún àwọn oyin rẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Kòkòrò yẹn mọ ọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Bí ọ̀gá bá wọlé, á sinmi ariwo.”

“Quyên, mi ò fẹ́ àwàdà lónìí.”

“Ta ló ń ṣàwàdà? Ṣé o ti rí ihò yìí lẹ́ẹ̀kan rí tí Mal ò jókòó síbẹ̀?”

Mo ní kó lọ máa bọ́ oyin rẹ̀. Kí ni ènìyàn ńlá lásán lè ṣe fún sẹ́ẹ̀lì tí kì í ka ohun tó tóbi sí? Mal tóbi bíi ilẹ̀kùn. Mo rò ó títí dé ilé, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Èmi gan-an ti máa ń wo kọ̀ǹpútà. Lónìí, mo wo Mal.

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì bó ti máa ń ṣe, ọrùn rẹ̀ nà síwájú. Sẹ́ẹ̀lì náà ń ké. Bí àmì ti ń sún mọ́ ibi tó ń retí ihò, mo rí ìka ìtọ́ka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó gbéra kúrò lórí orúnkún, tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó ń sọ fún mi pé, “Ó yá, níbẹ̀ yẹn, níbẹ̀!” Sẹ́ẹ̀lì dákẹ́. Ìka sọ̀ kalẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ké.

Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo wò ó léraléra. Bí inú rẹ̀ bá ti ń dùn ni ìka ń gbéra.

Ìka náà kéré, ó ń rìn, apá òsì ló sì wà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì mi kì í ti í sọ̀rọ̀. Lámilámi fi àmì tó wà lápá ọ̀tún sílẹ̀, ìka ló ń wò. Ìdí tí ihò fi ń ṣípò ni pé ìka kì í gbéra lásìkò kan náà. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́, bóyá ó kàn nawọ́ fi nǹkan hàn mí ni. Látìgbà yẹn, ohun tó ń retí ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

“Ṣé o rí i?” ó bi mí, ojú rẹ̀ ń tàn.

“Mo rí i,” mo wí. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo sì tètè lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún Quyên. Kò rẹ́rìn-ín bí mo ti rò.

“Lọ sọ fún un.”

“Ó rọrùn lẹ́nu rẹ. Ohun tó kù fún un nìyẹn, Quyên. Ó ti ya gbogbo àwòrán tó fẹ́ fi sọ̀rọ̀.”

“O fẹ́ kó lọ dúró níwájú gbogbo àwọn tó mọ̀ láyé, kó máa fi ìka ara rẹ̀ hàn wọ́n?”

“Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

“Ìwọ mọ̀.”

Kí ló wá kù fún èmi náà? Bí ihò bá lọ, orí ìwé méjì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ bínú sí Mal, mi ò rí ibi tí mo máa gbà bínú sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Afẹ́fẹ́ tútù. Mo dúró ti adágún náà títí dìrọ̀lẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló fò, ó ga jù, àwọ̀n ò tó o.

Mal bi mí bóyá mo ń bínú sí òun. Mo ní rárá. Ó ní kí n jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà

Oòrùn ràn dáadáa. Mo mú ọ̀kan, mo sì gbà pé òun ló kẹ́yìn, torí ìyẹ́ rẹ̀ ti gbó, ó ti fà ya létí. Sẹ́ẹ̀lì náà yọjú lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò dúró kí ọkàn mi tún yẹ̀. Mo pe Mal.

“Mal, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta díẹ̀.”

“Síta? Èmi?”

“Ẹ máa gbọ́ ọ láti ibẹ̀.”

Mo rí i pé ó dùn ún. Ó jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Mo mú kí àmì máa rìn. Kò sí ihò. Mo tún un ṣe, kò sí. Mo ní kó wọlé, kó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ ya wèrè, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Kò sí ihò.

“Ẹ wá yọ ọwọ́ ọ̀tún yín. Ẹ gbé ìka ìtọ́ka sókè nígbà tí mo bá wí.”

Mo wí. Ó gbé e. Sẹ́ẹ̀lì náà dákẹ́.

Ó sọ ìka kalẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ké. Ó gbé e sókè, ó dákẹ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà, ó wo ìka ara rẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ibi tí kò mọ̀.

“Látìgbà wo?”

“Mo rò pé látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ máa ń gbé e sókè bí ẹ bá ti ń retí ihò náà.”

“Torí náà, èmi ni.”

“Ẹ̀yin ni, Mal. Ẹ má bínú.”

Sípíkà ń ké pa-pa-pa fún àmì tí kò sẹ́ni tó ń wò. Mo fẹ́ sunkún, mo sì ń ronú pé ẹni tó ń sunkún nínú yàrá yìí máa bu omi lu ẹ̀rọ.

Nígbà tó yá, ó dìde. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ yí kọ̀ǹpútà ká lọ sí apá ọ̀tún, ó jókòó, ó ní kí n pa àmì náà. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Ó gbé ìka sókè, ó sì rọra ń gbé e lọ.

Pa-pa-pa-pa-pa.

Ó dá ìka dúró. Sẹ́ẹ̀lì dúró. Ó tún gbé e lọ, ó tún ké.

“Ó ń wò mí,” Mal wí. Omijé wà lójú rẹ̀, kò nù ún. “Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wo àwọn wọ̀nyí, Leonie. Wo ọ̀kan tó ń wò mí.”

Lẹ́yìn náà, ó nu imú, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n padà. Ó ní ihò ti kú, ká má sunkún lé e. Ṣùgbọ́n àmì wà níwájú kòkòrò lápá ọ̀tún, ó hàn kedere, ó ń rìn, lámilámi sì fi í sílẹ̀ nítorí ìka. Ó yan ọ̀kan, ó sì ṣe bí ẹni pé èkejì ò sí láyé. Kì í ṣe pé ó pa méjèèjì pọ̀. Ta ló ń yàn nínú orí tí kò tó ẹ̀wà kan? Níbo ló ti ń yàn? Mi ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀.

A fi àmì méjì síbẹ̀ kíákíá ká lè dán an wò. Sẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé ọ̀kan, ó tẹ̀lé ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ó wá yí padà sí èkejì láìnídìí. Mo ń bọ̀ wá yí ètò rẹ̀ padà ni lámilámi náà kú.

Ìbéèrè gidi wọlé lọ́jọ́ tí kòkòrò tán. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Òjò. Mal ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n fún mi ní ìgbà ooru kan sí i. Wọn ò tíì fèsì. Mọ́mì ní èso àjàrà ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 19 Ẹrẹ́nà, Canberra

Gbọ̀ngàn kún. Quyên àti èmi jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Mal wọ kóòtù tí mi ò rí lọ́rùn rẹ̀ rí, okùn bàtà rẹ̀ tú. Àwọn tó ń ṣe ètò ò tíì gbọ́ pé ó ti pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà, àkọlé ihò ló wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

“Mo wá láti sọ̀rọ̀ ihò kan tí mo rí nínú ojú lámilámi,” ó wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àkọlé yẹn rẹ́. Èmi ni ihò náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kankan pamọ́: àpótí ìjókòó, ìdùnnú rẹ̀, yàrá tó tutù, ilẹ̀kùn tí wọ́n fi í sí lẹ́yìn. Ẹ̀rín náà tán. Ó gbé ìka rẹ̀ sókè kó lè fi hàn wọ́n, ó rọra ń gbé e lọ, kò sì sí orí kan nínú gbọ̀ngàn náà tí kò tẹ̀lé e. Quyên sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àmì dúdú kan ń rìn lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Èmi ò rí i, ìka ni mo ń wò.

Obìnrin kan níwájú bèèrè ohun tí gbogbo wọn fẹ́ bèèrè: ta ló ń yàn?

“Èmi ò mọ̀,” Mal wí, “mi ò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí a bá mọ̀. Òun ni kí ẹ bi.”

Ó na ìka náà sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Gbogbo ojú bá a lọ, wọ́n sì bà lé mi. Mi ò mọ ìdáhùn, mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Mo dìde.